Ẹni Tó Wà Nílé Ló Ń Kí Ni Káàbọ̀

N kì í wọlé mi láì kí ilé. Ìbáà jẹ́ ọjà ni mo ti ń bọ̀, ìbáà jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ìbáà kàn jẹ́ pé ẹ̀yìnkùlé ni mo lọ já ewúro, bí ẹsẹ̀ mi bá ti kan ẹnu ọ̀nà, màá sọ pé, "Ẹ kúulé o." Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, kò sí ẹni tó wà nínú ilé tí yóò dáhùn. Aládùúgbò mi, Àlájà tó ń ta ẹ̀pà àti gàrí ní ọjà Òkè-Ọ̀dàn, ló máa ń dá mi lóhùn láti òdìkejì ògiri: "Ẹ káàbọ̀ o, Màmá tíṣà." Mo bi í léèrè nígbà kan pé kí ló dé tó fi ń dáhùn ìkíni tí n kò kí i. Ó ní òun ń tètè dáhùn kí ẹlòmíràn má baà dáhùn ṣáájú òun ni. Mo ní ta ni ẹlòmíràn náà. Ó ní kí n má fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, pé èmi náà mọ ẹni tí òun ń sọ.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìkíni yìí, nítorí orí rẹ̀ ni ohun tí mo fẹ́ sọ dúró lé. Ẹni tó ti ìta dé ló ń sọ pé "ẹ kúulé." Ẹni tó wà nílé ló ń sọ pé "ẹ káàbọ̀." A kì í gbé ọ̀kan sí ipò èkejì. Ẹni tó bá kí ọ ní "káàbọ̀" ti fi yé ọ pé òun ló ni ẹnu ọ̀nà tí o dúró sí. Nígbà tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé ìwé, n kì í kọ ọ́ sí pátákó. Màá ní kí ọmọ kan dúró sí ìta kíláàsì, kí òmíràn dúró sínú, kí wọ́n kí ara wọn, lẹ́yìn náà kí wọ́n pààrọ̀ àyè. Ọmọ tó bá ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ṣe é kì í gbàgbé.

Oṣù kẹjọ ni ìkíni náà máa ń pọ̀ jù ní ilé wa níhìn-ín ní Ìlaró. Oṣù náà ni àwọn ọmọ máa ń wá fún ọlidé ńlá. Àwọn ọmọ ọmọ mi ń pe àkókò náà ní sọ́mà. Mo máa ń rọra tọ́ wọn sọ́nà pé a kò ní sọ́mà ní ilẹ̀ Yewa. Òjò la ní, ẹ̀ẹ̀rùn la ní. Oṣù kẹjọ kàn jẹ́ ìgbà tí òjò ń sinmi díẹ̀, tí ojú ọ̀run ń ṣú láì rọ̀, tí atẹ́gùn òwúrọ̀ sì ń tutù tó bẹ́ẹ̀ tí arúgbó yóò fi wá aṣọ bo èjìká. Ọmọ tí ọmọbìnrin mi bí kẹ́yìn, ọmọ kékeré kan tí ojú rẹ̀ tó ilẹ̀, bi mí pé bí kò bá sí sọ́mà, kí ló dé tí wọ́n fi ń lọ sọ́mà lẹ́sìn. Mo ní kí ó bi ẹni tó ń gba owó lẹ́sìn náà.

Awakọ̀ ni ọkọ mi. Ọ̀nà Ìlaró sí Ìdìrókò ló fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ná, kó tó di pé ojú rẹ̀ kò rí ọ̀nà dáadáa mọ́. Òun ló kọ́ ilé yìí, ó sì kọ́ yàrá tó pọ̀ ju èyí tí èmi àti òun àti ọmọ méjì lè lò. Nígbà tí mo bi í léèrè pé ta ni yóò máa sùn nínú wọn, ó ní ilé tí kò bá lè gba èrò, gáréèjì ni. Ó gbin igi ìyeyè kan sí ẹ̀gbẹ́ géètì. Ó kan ìṣó kan mọ́ ògiri lẹ́yìn ilẹ̀kùn, níbi tí ó ń gbé fìlà rẹ̀ kọ́ àti báàgì awọ tó máa ń gbé lọ sẹ́nu iṣẹ́.

Nígbà náà, bí oṣù kẹjọ bá ti wọlé, ọmọbìnrin mi tó jẹ́ àkọ́bí á ti Èkó wá pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin á ti Ìbàdàn kó ìyàwó àti ọmọ tirẹ̀ wá. Kò sí ohun ńlá kan tí a ń ṣe. Bí ẹnìkan bá ní kí n wá sọ ohun tí a fi ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta ṣe, ẹnu lè kọ́ mi. Láàárọ̀, àwọn ọmọ á gbálẹ̀ abẹ́ igi ìyeyè. Wọ́n á bá ilẹ̀ ní pupa rúsúrúsú fún èso tó ti já bọ́, ìjà á sì bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tó bá gbálẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ ṣa èso, ẹni tí kò gbálẹ̀ á sì sọ pé òun fẹ́ gbálẹ̀ ṣùgbọ́n wọ́n gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ òun. Ọkùnrin tó ń bá wa dá oko ọkọ mi ní Ìlobì á gbé àgbàdo tútù wá nínú àpò lórí ọ̀kadà. A ó jókòó yí i ká, a ó máa bó èèpo rẹ̀, ìrùkẹ̀rẹ̀ àgbàdo á lẹ̀ mọ́ gbogbo wa láṣọ. Ẹ̀yìn ilé ni a ti ń sè é, lórí igi ìdáná, nínú ìkòkò ńlá. Ọmọkùnrin mi á fọ́ àgbọn tí a ó fi jẹ ẹ́. Àlájà á gbé ẹ̀pà tútù tó ti fi iyọ̀ sè wá láti ilé rẹ̀, á jókòó, kò sì ní lọ mọ́. Àwọn ọmọ ọkùnrin ni ó ń pè ní ọkọ òun. Ó máa ń bi wọ́n pé ta ni yóò fẹ́ òun nínú wọn, wọ́n á sì máa ti ara wọn síwájú.

Lọ́sàn-án, gbogbo ilé á dákẹ́. Àwọn àgbà á sùn, àwọn ọmọ á dùbúlẹ̀ sórí ẹní ní pálọ̀ tí wọ́n ń díbọ́n pé àwọn náà ń sùn. Ohun tí a máa ń gbọ́ kò ju ìyeyè tó ń já bọ́ sórí páànù, gbì, lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, gbì. Èmi kì í sùn. Mo máa ń jókòó sórí àga mi ní ẹnu ọ̀nà yàrá, kí n lè máa gbọ́ bí gbogbo wọn ṣe ń mí. Bí mo bá fẹ́ rántí ìgbà tí inú mi dùn, òun ni mo máa ń rántí.

Ìrọ̀lẹ́ jẹ́ ti ọkọ mi. Á gbé àga jáde sí iwájú ilé, á máa sọ ìtàn ọ̀nà ibodè fún àwọn ọmọ ní èdè ìbílẹ̀ wa tí wọ́n ń gbọ́ ìdajì rẹ̀, tí wọ́n ń fi ẹ̀rín di ìdajì yòókù. Ó gbọ́ Faransé díẹ̀ láti ẹnu àwọn èrò ọkọ̀. Ó sọ fún wọn pé bọ̀ǹjúù kan náà ni àwọn ará òdìkejì ibodè ń kí ẹni tó dé àti ẹni tó wà nílé, pé ìdí nìyẹn tí ènìyàn fi lè wọ ilé wọn tí kò ní mọ ẹni tó ni ín. Mo ní kí ó má fi irọ́ kọ́ ọmọ. Ó ní òun kò kọ́ wọn, ìtàn ni òun ń sọ.

Ọdún kan wà tí ọmọbìnrin mi dé láti Èkó ní ọ̀sán. Ọkọ̀ wọn kò tíì dúró dáadáa tí àbíkẹ́yìn rẹ̀ fi bọ́ sílẹ̀. Kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ nígbà náà. Ó sáré gba abẹ́ ìyeyè kọjá, ó dé iwájú èmi àti ọkọ mi tí a jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀ gbọn-in, ó sì sọ pé, "Ẹ káàbọ̀, Bàbá Ìlaró. Ẹ káàbọ̀, Màmá Ìlaró."

Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ́rìn-ín jù. Mo mọ ibi tí àṣìṣe náà ti wá. Ní Èkó, ilé ni ọmọ náà máa ń wà nígbà tí bàbá àti ìyá rẹ̀ bá dé láti ibi iṣẹ́, nítorí náà "ẹ káàbọ̀" nìkan ni ìkíni tó mọ̀. Kò tíì sí ibi tí òun náà ti jẹ́ ẹni tó dé. Mo fà á mọ́ra, mo bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé fún un pé òun ló dé, pé àwa la wà nílé, pé "ẹ kúulé" ni kí ó sọ. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé ni mo rí i tí ètè rẹ̀ ń gbọ̀n.

Ọkọ mi dìde. "Ẹ fi ọmọ sílẹ̀, tíṣà," ó ní. "Ọ̀rọ̀ tó sọ dára. Èmi ni n kò tíì lọ síbi tí mo ti máa bọ̀."

Ó na ọwọ́ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó mú fìlà rẹ̀, ó mú báàgì awọ náà tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, ó sì jáde ní géètì. A rí i tí ó dúró létí ọ̀nà, tó ń bá ọlọ́kadà kan sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń dúnàádúrà. Lẹ́yìn náà ó yí padà. Ó wú ikọ́ kí ó tó wọ géètì, ó ń gbọn eruku tí kò sí lára aṣọ rẹ̀, ó ń rìn bí ẹni tí ọ̀nà ti dá lágara.

"Ẹ kúulé o, ẹ̀yin ará ilé," ó ní.

Ọmọ náà wo ojú mi, ó tún wo ojú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, Bàbá Ìlaró."

"O ṣeun, ọmọ mi. Ọ̀nà jìn o. Bu omi fún mi."

Ó sáré lọ bu omi. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí oṣù kẹjọ kan tí wọn kò ṣe eré náà. Bí ọmọ náà bá ti dé, kódà nígbà tó ti mọ èyí tó tọ́, á kọ́kọ́ sọ "ẹ káàbọ̀," á sì dúró. Ọkọ mi á mú fìlà àti báàgì, á jáde lọ. Ní ọdún kan ó lọ jìnnà títí a fi bẹ̀rẹ̀ sí bi ara wa léèrè, ó sì padà pẹ̀lú búrẹ́dì gbígbóná lábẹ́ apá. Mo ń ṣàròyé fún un pé ó ń ba iṣẹ́ mi jẹ́, pé ọmọ tí a bá fi eré kọ́ ní àṣìṣe á máa fi òótọ́ ṣe é. Ó ní gbogbo ọjọ́ ayé òun ni òun fi ń sọ "ẹ kúulé" fún mi nígbà tí òun bá ti ibodè dé, tí èmi ń jókòó ti ìwé àwọn ọmọ tí mo ń máàkì, tí n kì í gbé orí sókè kí n tó sọ "ẹ káàbọ̀." Ó ní ọmọ yìí ń sọ ọ́ bí ẹni tó ti ń dúró de òun. Mo ní ohun tí òun ń sọ yẹn kò rí bẹ́ẹ̀, pé mo máa ń gbé orí sókè. Ó rẹ́rìn-ín.

Àìsàn ọkọ mi kò pẹ́. Àárín ẹ̀ẹ̀rùn ló kú, nígbà tí igi ìyeyè kò ní ewé rárá. Gbogbo wọn wá, wọ́n ṣe ohun tó yẹ kí ọmọ ṣe, wọ́n sì padà síbi iṣẹ́ wọn.

Ní oṣù kẹjọ tó tẹ̀lé e, wọ́n wá gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Mo gbọ́ ìró ọkọ̀, mo sì dìde dúró sí ẹnu ọ̀nà. Ọmọ náà bọ́ sílẹ̀. Kò sáré. Ó rìn wá, ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tí fìlà náà ṣì wà lórí ìṣó, ó sì kúnlẹ̀ láì sọ nǹkan kan. Mo dúró de ọ̀rọ̀ náà, ì báà tọ́, ì báà má tọ́. Kò wá. Mo gbé e dìde, mo sì bi í léèrè bóyá ebi ń pa á.

Ọdún tó tún tẹ̀ lé ìyẹn, òpin ọ̀sẹ̀ kan péré ni wọ́n lò. Wọ́n dé ní ọjọ́ Ẹtì, wọ́n lọ ní ọjọ́ Àìkú kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ tó pọ̀ lọ́nà. Nẹ́tíwọ̀kì kò dára ní yàrá àwọn ọmọ, nítorí náà abẹ́ igi ìyeyè ni wọ́n jókòó sí pẹ̀lú fóònù wọn, èso ń já bọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọn kò ṣa á. Mo se àgbàdo. Èyí tó ṣẹ́kù pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Àlájà fi bi mí pé ṣé mo fẹ́ máa tà á ni.

Mo wá dé ọ̀rọ̀ ọdún yìí.

Kí oṣù keje tó parí ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ilé. Mo fọ àwọn ẹní, mo sá wọn sórí ògiri. Mo ṣí fèrèsé àwọn yàrá tí wọ́n máa ń wà ní títì, mo gbá ìdọ̀tí aláǹgbá jáde. Mo ránṣẹ́ sí ọkùnrin Ìlobì pé kí ó má gbàgbé àgbàdo wa. Mo bẹ ẹnìkan kí ó wá tún ẹ̀rọ omi ṣe. Àlájà gbé ojú lé orí ògiri, ó wo àwọn ẹní, ó bi mí pé ìgbà wo ni àwọn ọkọ òun ń bọ̀. Mo ní láìpẹ́. Ó ní ṣé wọ́n ti sọ pé àwọn ń bọ̀. Mo ní ìgbà wo ni wọ́n máa ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Oṣù kẹjọ kì í ṣe ohun tí à ń kéde, ó kàn máa ń dé ni.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú kan, ọmọbìnrin mi pè mí. Ó béèrè ara mi, ó béèrè orúnkún mi, ó béèrè oògùn mi bóyá mo ń lò ó déédéé. Nígbà tí ó béèrè nípa oògùn lẹ́ẹ̀kejì ni mo mọ̀ pé ó ní ohun tí ó ń yí ká. Ó ní àwọn ọmọ ní lẹ́sìn títí oṣù á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ó ní ọ̀nà Pápálantò kò dára, pé epo ti wọ́n, pé ìsinmi ọkọ òun àti ti àbúrò òun kò bọ́ sí àkókò kan náà. Gbogbo ohun tí ó sọ ló jẹ́ òótọ́. N kò rí ọ̀kan tí mo lè fa ìlà sí lábẹ́.

Mo ní kò burú, kí wọ́n wá nígbà tí ó bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn.

"Màmá," ó ní, "ẹ̀yin ni kí ẹ máa bọ̀. A ti jọ sọ ọ́. Àbúrò mi á kó ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ wá síbí. Gbogbo wa á pé."

"Ọdún tó ń bọ̀ ńkọ́?"

Mo ń gbọ́ ìró jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn ohùn rẹ̀. "Bóyá ká kúkú máa ṣe é níbí lọ, Màmá. Ilé wa ló sún mọ́ gbogbo wa."

Ó ní "ilé wa." Ó ti mọ́ mi lára láti tún ọ̀rọ̀ ṣe lẹ́nu àwọn ọmọ mi, bí wọ́n tilẹ̀ ti dàgbà. Èyí ni n kò tún ṣe. Mo wò ó síwájú, mo wò ó sẹ́yìn, kò sí àṣìṣe nínú rẹ̀. Mo ní màá rò ó, màá sì pè é padà.

N kò tètè pè é. Ohun tí mo ń rò kò le láti sọ, ó le láti gbé ni. Bí mo bá lọ sí Èkó lọ́dún yìí, oṣù kẹjọ ti kúrò ní Ìlaró nìyẹn, kò sì ní padà mọ́. Mo ti kọ́ ọmọ tó, mo mọ bí àṣà tuntun ṣe ń yára mọ́ ènìyàn lára. Bí n kò bá sì lọ, wọ́n á pé láìsí èmi, èmi náà á jókòó níhìn-ín láàárín àwọn ẹní tí mo fọ̀. Bóyá wọ́n á máa pè mí lórí fídíò. Mo ti rí i bí wọ́n ṣe ń ṣe é: wọ́n á gbé fóònù yí ká kí oníkálùkù kí mi, ojú á kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá di fóònù mú á sì gbàgbé, á gbé e kọjú sí àjà.

Láàárín àkókò náà ni àgbàdo dé. Ọkùnrin náà gbé àpò sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó wo inú ilé, ó ní wọn kò tíì dé ni. Mo ní wọn kò tíì dé. Mo jókòó sí ẹ̀yìn ilé, mo bó èyí tí ọwọ́ mi ká, mo sì sè é. Mo jẹ ìdajì ẹyọ kan. Ìyókù ni mo gbé fún Àlájà.

Ó gbà á, ó gbé e kalẹ̀, ó sì jókòó tì mí. Nígbà tó yá mo sọ ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin mi fún un. Mo rò pé á bá mi bínú sí wọn. Kò bínú. Ó ní àwọn ọmọ tòun wà ní Kútọnú, pé láti ìgbà tí ìjọba ti ti ibodè tí wọ́n sì tún ṣí i, àwọn tí kò wá nígbà tó wà ní títì kò rí ìdí tí àwọn fi máa wá nígbà tó ṣí. Òun ló ń lọ bá wọn.

"Bí ọmọdé kò bá wá, ṣé àgbà kò ní ẹsẹ̀ ni, Màmá tíṣà?"

Mo ní mo ní ẹsẹ̀. Mo ní ilé ni n kò mọ ẹni tí màá fi sílẹ̀ fún.

"Ilé kò ní lọ síbì kan," ó ní. "Èmi á máa dá a lóhùn."

Mo pe ọmọbìnrin mi padà, mo ní mò ń bọ̀.

Ní òwúrọ̀ tí mo fẹ́ lọ, mo ká àwọn ẹní, mo ti àwọn fèrèsé. Mo di ẹ̀pà sínú àpò kan, láfún sínú òmíràn, mo sì ṣa ìyeyè sínú báàgì. Báàgì awọ ọkọ mi ni mo lò, nítorí òun nìkan ni kò ní jẹ́ kí omi èso náà jò. Mo fi fìlà rẹ̀ sílẹ̀ lórí ìṣó. Mo dúró sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, mo sì sọ fún ilé pé, "Ó dàbọ̀." Mo máa ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pé ẹ má ṣe fi ẹnu lásán sọ ọ́, "ó di àbọ̀" ni, ó di ìgbà tí a bá padà dé. Ẹni tó bá sọ ọ́ ti ṣèlérí ìpadàbọ̀ rẹ̀. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó ti ilẹ̀kùn. Àlájà gba kọ́kọ́rọ́, ó gbàdúrà fún mi ní ọ̀nà tirẹ̀, mo ṣe àmín ní ọ̀nà tèmi.

Ọkọ̀ náà kún. Wọ́n dá wa dúró lọ́nà léraléra, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń dá ẹni tó bá ti ọ̀nà ibodè wá dúró. Ọ̀dọ́mọkùnrin aláṣọ ìjọba kan fọwọ́ tẹ àpò mi, ó bi mí bóyá ìrẹsì ni. Mo ní láfún ni, pé bí ó bá sì ní omi gbígbóná àti ọbẹ̀, kí ó gbé e wá kí n rò ó fún un. Àwọn èrò rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ó ní kí a máa lọ, Màmá. Awakọ̀ wo mí nínú dígí. Mo fẹ́ sọ fún un pé ìyàwó awakọ̀ ni mí, pé mo mọ bí a ṣe ń bá wọn sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó ti yí ojú padà sí ọ̀nà.

Ọkọ ọmọ mi wá gbé mi ní gáréèjì. Nígbà tí a dé iwájú ilé wọn, ó fọn fèrè ọkọ̀. Mo sọ fún un pé kí ó jẹ́ kí n sọ̀ níta, kí n fi ẹsẹ̀ wọlé. Ó ní ẹrẹ̀ wà níbẹ̀. Mo ní mo rí i. Ó jẹ́ kí n sọ̀, ó sì wa ọkọ̀ lọ síbi tó máa ń gbé e sí létí ọ̀nà.

Géètì ṣí. Ọmọ náà ló ṣí i. Ó ti ga, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èjìká mi, ó wọ ṣòkòtò ilé, ìwé kan sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí ó ti fi ìka há ojú ewé rẹ̀. Mo dúró sí ìta pẹ̀lú báàgì awọ lọ́wọ́. Ó wo báàgì náà pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé ìwé sí abẹ́ apá, ó sì kúnlẹ̀ níbẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì.

"Ẹ káàbọ̀, Màmá Ìlaró."

Mo tún báàgì náà gbá mú. Ó gbé ojú sókè, ó rò pé mo ń dúró láti tọ́ òun sọ́nà.

"Èyí tó tọ́ nìyẹn, àbí?" ó ní. "Ẹ̀yin lẹ dé. Àwa la wà nílé."

"Ó tọ́," mo ní. "O gbà á."

Ó ṣì kúnlẹ̀. Mo rántí pé ìkíni náà kò tíì parí, pé ó ku tèmi, nítorí ọ̀nà méjì ni mo fi kọ́ wọn, ti inú àti ti ìta. Mo gbé ẹsẹ̀ kan lé ojú géètì.

"O kúulé, ọmọ mi."

Ó dìde, ó gba báàgì lọ́wọ́ mi. Ó ní òun ń lọ bu omi fún mi, ó sì ti sáré dé ìdajì ọ̀nà kí ó tó yí padà rí i pé n kò tíì tẹ̀ lé òun. Mo dúró sí ẹnu géètì náà, mo kọjú sí títì, bí ẹni tí ó ní ẹnìkan lẹ́yìn tí kò yára rìn.

"Màmá, ta lẹ ń dúró dè?"

Mo ní kò sí ẹnìkan. Mo ti géètì náà pa fúnra mi, mo sì wọlé.